Ìka tó Ṣẹ̀ Lọba ń Gé: Ìlànà Ṣíṣe Àyẹ̀wò Sẹ́ńsọ̀ Ìfúnpá Ọ́ìlì Gíà Ọkọ̀, àti Ohun tí Ó Kọ́ Olùkọ́ Iṣẹ́-Ọwọ́

Àṣamọ̀

Nígbà tí iná ìkìlọ̀ bá tàn nínú ọkọ̀ tó ń lo gíà ọtọmátíìkì, tí ẹ̀rọ tí a fi ń ka kóòdù sì dárúkọ sẹ́ńsọ̀ ìfúnpá ọ́ìlì gíà, ohun tó sábà máa ń tẹ̀lé e ni pé kí wọ́n pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ náà lójú ẹsẹ̀, tàbí kí wọ́n sọ gbogbo gíà kalẹ̀. Bébà yìí ṣàlàyé ìdí tí kóòdù nìkan kò fi tó láti dá ẹjọ́. Ó to ìgbésẹ̀ àyẹ̀wò láti orí èyí tó rọrùn jù lọ dé orí èyí tó nira jù lọ, ó sì lo suwíìṣì ìfúnpá kúlọ́ọ̀ṣì kẹta ti ọkọ̀ Honda gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ó fi hàn pé kí iná ìkìlọ̀ kú kì í ṣe ẹ̀rí pé ohun tí a pààrọ̀ ló bàjẹ́. Ní ìparí, ó dábàá bí olùkọ́ ṣe lè fi ohun èlò olówó pọ́ọ́kú kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ NCE ní ìlànà yìí ní èdè Yorùbá.

Kókó ọ̀rọ̀: gíà ọtọmátíìkì, ìfúnpá, sẹ́ńsọ̀, kóòdù, àyẹ̀wò, ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́

1.0 Ìfáárà

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó ń ná ojú títì Nàìjíríà lónìí ló jẹ́ tòkúnbọ̀ tí a kó wọlé láti Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Púpọ̀ nínú wọn ló ń lo gíà ọtọmátíìkì, kọ̀ǹpútà ló sì ń darí gíà náà. Èyí ti yí iṣẹ́ mẹkáníìkì padà. Láyé ọjọ́un, etí, ọwọ́ àti imú ni ọ̀gá mẹkáníìkì fi ń mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀: ó gbọ́ ìró, ó fọwọ́ kan ohun tó gbóná, ó gbóòórùn ọ́ìlì tó jóná. Ọgbọ́n yìí kò tíì di ohun àpatì. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ òde òní tún ní ẹlẹ́rìí mìíràn, ìyẹn kóòdù tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń kọ sílẹ̀ nígbà tí ohun kan kò bá lọ déédéé.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ ẹlẹ́rìí yìí di adájọ́. Wọ́n ka kóòdù, wọ́n rí orúkọ sẹ́ńsọ̀, wọ́n sì gba ọjà lọ. Bí sẹ́ńsọ̀ tuntun kò bá pa iná, wọ́n á ní gíà ló ti bàjẹ́, ẹni tó ni ọkọ̀ á sì wá owó gíà tòkúnbọ̀ lọ sí Ládípọ̀ ní Èkó tàbí Àrárọ̀mí ní Ìbàdàn. Owó yìí kì í ṣe kékeré. Fún awakọ̀ tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ jẹun, ó lè jẹ́ èrè ọ̀pọ̀ oṣù, ọkọ̀ náà yóò sì wà nílẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ tí kò tíì rí owó náà kó jọ. Wáyà kan tó já lábẹ́ bọ́ọ̀nẹ́ẹ̀tì lè jẹ́ òkodoro ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Kóòdù jẹ́ ẹjọ́ ẹnìkan. Bébà yìí fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń gbọ́ tẹnu àwọn yòókù kí a tó gé ìka, kí ó lè jẹ́ pé ìka tó ṣẹ̀ gan-an ni a gé.

2.0 Iṣẹ́ tí ìfúnpá ń ṣe nínú gíà

2.1 Bí ọ́ìlì ṣe ń gbé gíà

Nínú gíà ọtọmátíìkì, ọ́ìlì kì í ṣe ohun tí ń mú irin yọ̀ nìkan; òun gan-an ló ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ awakọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yí, pọ́ǹpù inú gíà náà ń yí. Pọ́ǹpù yìí ń fa ọ́ìlì láti ìsàlẹ̀ gíà gba inú fílítà, ó sì ń tì í sínú fáàfù bọ́dì, tí ó kún fún ojú ọ̀nà tóóró-tóóró. Níbẹ̀ ni sólénọ́ìdì wà, ìyẹn fáàfù kékeré tí iná ń ṣí tí iná sì ń tì. Ọpọlọ ọkọ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bréènì-bọ́ọ̀sì, ló ń pàṣẹ fún sólénọ́ìdì nípa ibi tí ọ́ìlì yóò gbà.

Ọ́ìlì tó bá dé ìdí kúlọ́ọ̀ṣì kan yóò ti písítìnì rẹ̀, písítìnì yóò sì fún àwọn abala kúlọ́ọ̀ṣì náà pọ̀ títí wọn yóò fi jọ máa yí bí ohun kan ṣoṣo. Ìgbà náà ni gíà yẹn tó wọlé. Bí ìfúnpá ọ́ìlì kò bá tó, àwọn abala náà kò ní lè di ara wọn mú. Wọn yóò máa yọ̀, wọn yóò gbóná, wọn yóò sì jóná. Ìdí nìyí tí ọpọlọ ọkọ̀ fi gbọ́dọ̀ mọ bóyá ọ́ìlì tó rán níṣẹ́ dé ibi tó rán an, àti bóyá ó dé pẹ̀lú agbára tó yẹ.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ bí agbára yìí ti pọ̀ tó, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ ronú nípa táyà. Fọgánáísà máa ń fẹ́ táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó bíi 30 sí 35 psi. Nínú gíà, ìfúnpá lè ju 50 psi lọ nígbà tí ọkọ̀ dúró lójú kan tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ó sì lè ju 200 psi lọ nínú àwọn gíà kan tí a bá kó o sí ìpadàsẹ́yìn tí ẹrù sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Psi kan jẹ́ nǹkan bíi 6.9 kPa. Ìwé iṣẹ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló máa ń sọ iye tó yẹ fún gíà tirẹ̀. A kì í fi ti Toyota wọn Honda.

2.2 Suwíìṣì àti sẹ́ńsọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà

Oríṣi ohun méjì ló ń jẹ́ orúkọ sẹ́ńsọ̀ ìfúnpá ọ́ìlì gíà. Àkọ́kọ́ ni suwíìṣì. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló mọ̀ ọ́n sọ: ìfúnpá wà, tàbí kò sí. Ó sábà máa ń ní wáyà kan ṣoṣo, ara irin gíà ló sì fi ń kan ìyókùúrò bátìrì. Èkejì ni sẹ́ńsọ̀ gidi tó ń sọ iye ìfúnpá. Ó sábà máa ń ní wáyà mẹ́ta: ọ̀kan gbé fóòtì 5 wá láti ọ̀dọ̀ ọpọlọ ọkọ̀, ọ̀kan lọ sí ìyókùúrò, ẹ̀kẹta sì gbé èsì padà. Nínú ọ̀pọ̀ irú sẹ́ńsọ̀ bẹ́ẹ̀, èsì náà máa ń wà ní nǹkan bíi fóòtì 0.5 nígbà tí kò sí ìfúnpá, ó sì ń gòkè lọ sí nǹkan bíi fóòtì 4.5 bí ìfúnpá bá kún.

Ibi tí wọ́n wà náà yàtọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ Honda, ara gíà lóde ni a dè wọ́n mọ́, ọwọ́ lè tó wọn láìtú gíà. Nínú gíà 4L60-E tó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Chevrolet àti GMC, inú àwo ọ́ìlì lábẹ́ gíà ló wà, ara fáàfù bọ́dì ni wọ́n sì dè é mọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ kí ó tó mú sípánà ni oríṣi èyí tó wà níwájú rẹ̀ àti ibi tó wà.

2.3 Ọpọlọ ọkọ̀ kò rí ọ́ìlì

Ọ̀rọ̀ tí abala yìí gbé dání ni gbogbo àyẹ̀wò dúró lé lórí. Ẹ jẹ́ kí a mú suwíìṣì oníwáyà kan. Ọpọlọ ọkọ̀ fi fóòtì 5 sórí wáyà náà. Bí suwíìṣì bá ṣí, iná kò rí ibi gbà lọ, fóòtì 5 náà yóò sì dúró sórí wáyà. Bí ìfúnpá bá dé, suwíìṣì yóò padé, wáyà náà yóò kan ara gíà, fóòtì yóò sì wálẹ̀ sí òdo. Ọpọlọ ọkọ̀ ka fóòtì 5 sí “ìfúnpá kò sí”, ó sì ka òdo sí “ìfúnpá ti dé”.

Ìyẹn ni pé kò rí ọ́ìlì rí; fóòtì nìkan ló ń rí. Bí eku bá jẹ wáyà náà já, fóòtì 5 ni yóò máa rí títí, yóò sì rò pé ọ́ìlì kò dé. Bí ara wáyà náà bá bó tó sì ń kan irin ọkọ̀, òdo ni yóò máa rí, yóò sì rò pé ọ́ìlì wà níbi tí kò sí. Nítorí náà, ẹni mẹ́rin ni a ní láti fura sí nígbà gbogbo: wáyà, suwíìṣì, ìfúnpá ọ́ìlì fúnra rẹ̀, àti ọpọlọ ọkọ̀. Kóòdù kan náà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè mú jáde.

3.0 Kíka kóòdù ní àkàyé

Láti ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ní ìlànà kóòdù kan náà tí a ń pè ní OBD-II. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ kan ṣoṣo fi lè ka Toyota, Honda àti Ford. Ojú ihò rẹ̀, tó ní ẹsẹ̀ 16, wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lápá ọ̀dọ̀ awakọ̀.

Kóòdù ní ìtumọ̀ lẹ́tà dé lẹ́tà. Nínú P0847, P dúró fún ẹ́ńjìnnì àti gíà. Òdo tó tẹ̀lé e sọ pé gbogbo ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ló jọ ń lò ó. Bí ó bá jẹ́ 1 ni, ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ló dá a sílẹ̀. Nọ́ńbà 8 sọ pé ọ̀ràn gíà ni. Méjì tó kẹ́yìn ló tọ́ka sí ọ̀ràn náà gan-an. Ìdílé kóòdù tó kàn wá nìyí:

P0840: wáyà sẹ́ńsọ̀ tàbí suwíìṣì ìfúnpá “A” ní ìṣòro.
P0841: èsì “A” kò bá ohun tó yẹ mu.
P0842: fóòtì “A” wálẹ̀ jù.
P0843: fóòtì “A” ga jù.
P0844: èsì “A” ń lọ ó ń bọ̀.

Láti P0845 dé P0849, ọ̀rọ̀ kan náà ni fún “B”. P0868 yàtọ̀ sí wọn: òun ń sọ pé ìfúnpá ọ́ìlì fúnra rẹ̀ ló lọ sílẹ̀.

Ó yẹ kí olùkọ́ dúró díẹ̀ níbí yìí. Ẹ wo P0842 àti P0843 dáadáa: kò sí èyí tó sọ pé sẹ́ńsọ̀ ti bàjẹ́. Ohun tí wọ́n sọ ni pé fóòtì tó wà lórí wáyà sẹ́ńsọ̀ lọ sílẹ̀ tàbí ó ga. Kóòdù dárúkọ àdúgbò. Kò dárúkọ ilé. P0841 àti P0846 tilẹ̀ jìnnà sí sẹ́ńsọ̀ díẹ̀ sí i, nítorí pé fóòtì lè wà níbi tó yẹ, àmọ́ kí ó má bá àṣẹ tí ọpọlọ ọkọ̀ pa mu. Ìyẹn sábà máa ń mú wa ronú nípa ìfúnpá gidi.

4.0 Ìgbésẹ̀ àyẹ̀wò

Ìlànà méjì ló wà lẹ́yìn bí a ṣe to ìgbésẹ̀ wọ̀nyí. Ohun tó rọrùn tí kò sì náni lówó ló ń ṣáájú. Bákan náà, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ yọ ó kéré tán ẹnìkan kúrò nínú àwọn tí a fura sí. Àyẹ̀wò tí kò lè yọ ẹnikẹ́ni kúrò kì í ṣe àyẹ̀wò.

4.1 Gbígbọ́ ọ̀rọ̀ àti kíkọ kóòdù sílẹ̀

Kí a bi awakọ̀ léèrè: nígbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé nígbà tí ọkọ̀ bá gbóná ni, àbí láàárọ̀? Ta ló ṣiṣẹ́ lábẹ́ bọ́ọ̀nẹ́ẹ̀tì kẹ́yìn? Ṣé wọ́n fomi fọ ẹ́ńjìnnì? Lẹ́yìn náà, kí a kọ gbogbo kóòdù sílẹ̀, kí a sì ka àkọsílẹ̀ tí ọpọlọ ọkọ̀ fi pamọ́ nípa ìṣẹ́jú tí kóòdù náà wọlé: eré tí ọkọ̀ ń sá, bí ó ṣe gbóná tó. A kò gbọ́dọ̀ pa kóòdù rẹ́ kí a tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá pa á rẹ́ ti nu ẹsẹ̀ olè kúrò nílẹ̀.

4.2 Wíwo ọ́ìlì

Bí ọ́ìlì bá ti dín, ìfúnpá yóò dín. Ọ̀nà tí a ń gbà wọ̀n ọ́n yàtọ̀ láti ọkọ̀ sí ọkọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota tó ní ọ̀pá ìwọ̀n, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá fẹ́ wọ̀n ọ́n, kí gíà sì ti gbóná. Nínú ọ̀pọ̀ Honda, a ó jẹ́ kí ọkọ̀ gbóná, a ó pa á lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, a ó sì wọ̀n ọ́n láàárín ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan àbọ̀. Ẹni tó bá fi ìlànà ọ̀kan wọn èkejì yóò rí irọ́ kà.

Àwọ̀ àti òórùn náà ń sọ̀rọ̀. Ọ́ìlì gíà tuntun sábà máa ń pupa. Bí ó bá dúdú tó sì ń rùn bí ohun tó jóná, kúlọ́ọ̀ṣì ti ń yọ̀. Bí ó bá dà bí ògì tí a pò mọ́ pọ́ńkì, omi rẹdiétọ̀ ti wọ inú rẹ̀. Irú ọ́ìlì tí a dà sí i náà ṣe pàtàkì: Z1 ni Honda ń lò tẹ́lẹ̀ kó tó fi DW-1 rọ́pò rẹ̀, ọ̀pọ̀ Toyota sì ń lo T-IV tàbí WS. Ọ́ìlì pupa kọ́ ni gbogbo ọ́ìlì gíà.

4.3 Fífi ojú wo wáyà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì

Kí a tọ wáyà sẹ́ńsọ̀ náà láti ìdí rẹ̀ lọ sókè. Ohun tí a ń wá ni eyín eku, ibi tí wáyà ti yọ́ mọ́ èsọ́ọ̀sì, ibi tí ríwáyà kan ti so pọ̀ tó fi téèpù wé, àti àwọ̀ ewé tí ìpẹtà bàbà máa ń ní. Kí a fa sọ́kẹ́ẹ̀tì yọ. Bí ọ́ìlì bá wà nínú rẹ̀, suwíìṣì náà ti ń jò láti inú. Ọkọ̀ tó ti rì sómi rí kí wọ́n tó kó o wọlé nílò sùúrù púpọ̀ níbí yìí, nítorí ìpẹtà máa ń sá pamọ́ sábẹ́ rọ́bà wáyà.

4.4 Fífi mítà wọn wáyà

Mítà alánọ́ńbà ni kí a lò, kì í ṣe tẹ́sítà onígílóòbù. Gílóòbù máa ń fa iná ju ohun tí wáyà ọpọlọ ọkọ̀ lè gbé lọ. Ó lè fi irọ́ hàn wá, ó sì lè ba ọpọlọ ọkọ̀ jẹ́. Fún suwíìṣì oníwáyà kan, a ó fa sọ́kẹ́ẹ̀tì yọ, a ó ṣí kọ́kọ́rọ́ láìkan ẹ́ńjìnnì, a ó sì wọn fóòtì tó wà lórí wáyà tó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ọpọlọ ọkọ̀. Bí ó bá fi nǹkan bíi fóòtì 5 hàn, wáyà kò já, kò sì kan irin níbì kankan. Bí ó bá fi òdo hàn, wáyà tàbí ọpọlọ ọkọ̀ ni kí a tẹ̀lé. Suwíìṣì kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà mọ́, nítorí a ti yọ ọ́ kúrò.

Fún oníwáyà mẹ́ta, a ó wọn fóòtì 5 tó ń wọlé àti wáyà ìyókùúrò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. A kò gbọ́dọ̀ fi wáyà fóòtì 5 náà kan irin, nítorí sẹ́ńsọ̀ mìíràn lè jọ máa mu nínú rẹ̀. A kò sì gbọ́dọ̀ fi fóòtì 12 bátìrì sórí wáyà sẹ́ńsọ̀ kankan.

Bí kóòdù bá jẹ́ ti èyí tó ń lọ tó ń bọ̀, bíi P0844, kí ẹnìkan máa wo èsì lójú ẹ̀rọ tí a fi ń ka kóòdù, kí ẹlòmíràn sì máa mi wáyà náà díẹ̀díẹ̀ láti ìdí dé òkè. Ibi tí èsì bá ti fò ni ìbàjẹ́ wà.

4.5 Fífi géèjì wọn ìfúnpá gidi

Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ máa ń fò, òun sì ni ẹlẹ́rìí tó kù tí a kò tíì gbọ́ tẹnu rẹ̀. Lára gíà ni ihò tí a fi nọ́ọ̀tì dí wà fún un. A ó yọ nọ́ọ̀tì náà, a ó de géèjì tó lè ka 300 psi tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́ ọn, a ó sì fi ohun tó kà wé ìwé iṣẹ́ ọkọ̀ náà. Kí a gbé ọkọ̀ sórí ìdúró irin, kì í ṣe jáàkì nìkan. Kí a fi ohun dènà táyà tó wà nílẹ̀. Kí a sì rántí pé ọ́ìlì gíà tó gbóná lè bó ènìyàn lára.

Bí géèjì bá sọ pé ìfúnpá pé, tí wáyà sì dára, tí suwíìṣì kò dáhùn, suwíìṣì ló ṣẹ̀. Bí ìfúnpá kò bá pé, tí suwíìṣì sì sọ bẹ́ẹ̀, olóòótọ́ ni suwíìṣì náà; pípààrọ̀ rẹ̀ dà bí ìgbà tí a lé ẹni tó ké “iná ń jó o!” kúrò nílé. Fílítà tó dí, sólénọ́ìdì tó há, pọ́ǹpù tó ti jẹ tàbí rọ́bà inú gíà tó ti gbó ni a ó wá lọ. Ibí yìí nìkan ni ọ̀rọ̀ sísọ gíà kalẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

5.0 Àpẹẹrẹ: P0847 àti P0848 nínú ọkọ̀ Honda

Nínú ọ̀pọ̀ Honda, “B” dúró fún suwíìṣì ìfúnpá kúlọ́ọ̀ṣì kẹta. Bí ó bá ní ìṣòro, lẹ́tà D tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, gíà sì lè máa wọlé pẹ̀lú ìgbájá. Ìgbájá yìí ló máa ń mú ènìyàn gbà pé gíà ti kú. Ṣùgbọ́n ọpọlọ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lè fà á: bí kò bá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú gíà, ó lè gbé ìfúnpá sókè kí kúlọ́ọ̀ṣì má baà yọ̀. Ààbò ni.

P0847 sọ pé fóòtì wálẹ̀. A fa sọ́kẹ́ẹ̀tì suwíìṣì yọ, a sì rí fóòtì 5 lórí wáyà. Wáyà àti ọpọlọ ọkọ̀ ti bọ́. A wá fi mítà wọ̀n láti orí suwíìṣì sí ara gíà nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú. Kò yẹ kí iná lè gba ibẹ̀ kọjá, torí kò sí ìfúnpá. Bí ó bá ń gbà á kọjá, suwíìṣì ti há sí ìpadé. A ti mú olè.

P0848 sọ pé fóòtì ga. A fa sọ́kẹ́ẹ̀tì yọ, a sì fi wáyà kékeré so ojú wáyà náà mọ́ irin ọkọ̀ nígbà tí a ń wo ojú ẹ̀rọ. Bí èsì suwíìṣì bá yí láti “kò sí” sí “ó wà”, wáyà pé dé ọ̀dọ̀ ọpọlọ ọkọ̀. Ó ku ẹni méjì: suwíìṣì àti ìfúnpá. Géèjì lórí kúlọ́ọ̀ṣì kẹta ni yóò yà wọ́n. Bí èsì kò bá yí, wáyà ti já níbì kan, tàbí kí ó jẹ́ ọpọlọ ọkọ̀. A kò tíì ná kọ́bọ̀ lọ́jà.

Ẹ wo ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ bí a bá pààrọ̀ gbogbo gíà dípò èyí. Nítorí pé ara gíà ni suwíìṣì wà, gíà tòkúnbọ̀ yóò bá suwíìṣì tirẹ̀ wá. Iná ìkìlọ̀ yóò kú. Ẹni tó ni ọkọ̀ yóò dúpẹ́, mẹkáníìkì yóò gbà pé òtítọ́ ni òun sọ, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó ń wò ó yóò sì kọ́ ọ sórí pé P0847 túmọ̀ sí gíà. Gíà tó dára ti di irin àlòkù, èyí tí a kò mọ iye ọ̀nà tó ti rìn ti rọ́pò rẹ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí yóò mọ̀ láéláé. Bí ó bá jẹ́ wáyà ló já, tí sọ́kẹ́ẹ̀tì sì tún kanra padà nígbà tí wọ́n ń fọwọ́ gbọ̀n ọ́n, bákan náà ni: iná yóò kú fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Àtúnṣe tó yọrí kì í ṣe ẹ̀rí pé àyẹ̀wò tọ̀nà. Àyẹ̀wò tó ṣáájú àtúnṣe nìkan ló lè jẹ́rìí.

6.0 Bí a ṣe lè kọ́ ọ nínú kíláàsì

Kò pọn dandan kí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ọkọ̀ tuntun kí akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ èyí. Suwíìṣì ìfúnpá ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì wọ́pọ̀, kò sì wọ́n. Kí olùkọ́ wá páálí kan, bátìrì tọ́ọ̀ṣì mẹ́rin tó jẹ́ fóòtì 1.5 ọ̀kọ̀ọ̀kan, resísítọ̀ 1000 óòmù, wáyà, mítà, àti pọ́ǹpù táyà ọlọ́wọ́ tó ní géèjì, pẹ̀lú rọ́bà tí a lè fi kílíìpù dè mọ́ ẹnu suwíìṣì. Láti orí bátìrì, iná yóò gba inú resísítọ̀ lọ sórí suwíìṣì. Ara irin suwíìṣì yóò padà sí ìyókùúrò bátìrì. Mítà yóò wọn wáyà tó wà láàárín resísítọ̀ àti suwíìṣì.

Akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí i pé mítà fi òdo hàn nígbà tí kò tíì fẹ́ atẹ́gùn, ó sì lọ sí nǹkan bíi fóòtì 6 nígbà tí atẹ́gùn bá tó. Èyí dojú kodò sí ti Honda, nítorí pé suwíìṣì ẹ́ńjìnnì máa ń padé nígbà tí kò sí ìfúnpá. Kí olùkọ́ má ṣe sọ èyí fún wọn ṣáájú. Ẹni tó fúnra rẹ̀ rí i kò ní gbàgbé láti béèrè oríṣi suwíìṣì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kí olùkọ́ fi ìbàjẹ́ pamọ́: kí ó gé wáyà lábẹ́ téèpù, kí ó fi ọ̀dà kun ẹnu wáyà, tàbí kí ó tú kílíìpù rọ́bà díẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa jò. Ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀ kí ó tó tẹ̀ síwájú: ohun tí mo retí láti kà, ohun tí mo kà, ẹni tí èyí yọ kúrò. Máàkì wà fún ọ̀nà tí ó gbà, kì í ṣe fún ìdáhùn nìkan. Ẹni tó bá méfò tó sì bọ́ sí i kò gbọ́dọ̀ gba máàkì tó pé.

Èdè ńkọ́? Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan tí wọ́n fi kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò pẹ̀lú èdè Yorùbá fún ọdún mẹ́fà. Nílẹ̀ Yorùbá, ibi iṣẹ́ mẹkáníìkì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìní ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́ wa tó bá lọ kọ́ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́la kò ní fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe é. Kì í ṣe orúkọ ohun èlò ni ìṣòro. Kò sẹ́ni tí gíà, wáyà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì ṣàjèjì sí. Ohun tó yẹ kí a fún wọn ní ọ̀rọ̀ fún ni ìrònú: ìfúnpá tí a wọ̀n àti ìfúnpá tí a gbà gbọ́, ẹ̀rí àti ìfura. Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ tí a lò nínú bébà yìí ti wà lẹ́nu wa tipẹ́. A kàn gbé e wọ ibi iṣẹ́ ni.

7.0 Àgbálọgbábọ̀ àti àbá

A ti fi hàn pé kóòdù ìfúnpá ọ́ìlì gíà ń tọ́ka sí fóòtì lórí wáyà kan, pé ẹni mẹ́rin ló lè fà á, àti pé ọ́ìlì, ojú, mítà àti géèjì, ní títẹ̀léra wọn, ló ń yọ wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí náà, a dábàá pé:

(i) kí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wa fi àyẹ̀wò sí ipò ẹ̀kọ́ tó dá dúró, dípò kí ó jẹ́ ìpínrọ̀ kan nínú ẹ̀kọ́ àtúnṣe;

(ii) kí géèjì ìfúnpá wà nínú ohun èlò tí a ń béèrè fún ní yàrá iṣẹ́, kì í ṣe ẹ̀rọ tí a fi ń ka kóòdù nìkan;

(iii) kí àkọsílẹ̀ onílà mẹ́ta tí a ṣàlàyé lókè di ara ìdánwò iṣẹ́-ọwọ́;

(iv) kí àwọn olùkọ́ èdè àti olùkọ́ iṣẹ́-ọwọ́ jọ kọ ìwé àyẹ̀wò ọkọ̀ ní àwọn èdè wa, kí ó lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí kò ní wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Bí olùkọ́ kan bá kọ́ ogún akẹ́kọ̀ọ́ láti béèrè “báwo la ṣe mọ̀?” kí wọ́n tó sọ gíà kalẹ̀, iye gíà tó dára tí kò ní di irin àlòkù mọ́ yóò ju ogún lọ, iye awakọ̀ tí ọkọ̀ wọn yóò padà sójú ọ̀nà lọ́jọ́ kejì náà yóò sì jù bẹ́ẹ̀ lọ.